"Tutù" ò bá fíìmù mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ifẹ̀ ṣe fún ìkìlọ̀ ara páálí fíìmù 120, ìyẹn fíìmù kámẹ́rà tí bébà wà lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, tó sì gbẹ." Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo nibẹ̀ yẹn? Tí n bá sọ fún ìyá mi nílé ní Iléṣà pé aṣọ kan tutù, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa gbé e lọ sá. Ilẹ̀ tó tutù, omi ló wà lára rẹ̀. Ẹja tútù, ewé tútù, omi ò tíì kúrò lára wọn.

Omi yìí gan-an sì lọ̀tá fíìmù. Jẹlatíìnì tí wọ́n ń rí lára awọ àti egungun ẹran ló wà lójú rẹ̀, èébu ò sì kọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti di kòkó tí ò gbẹ sápò rí mọ ohun tí mò ń sọ. Lóòótọ́, fíríìjì dára fún un, torí ooru máa ń tètè sọ fíìmù di ògbólógbòó. Àmọ́ tí a bá yọ ọ́, inú ọ̀rá rẹ̀ ló yẹ kó wà títí òtútù á fi kúrò lára rẹ̀. Èmi kánjú níbi ìgbéyàwó kan lásìkò òjò, mo ya ọ̀rá náà lójú ẹsẹ̀. Ló bá ń làágùn bí ìgò mínírà. Ìgbà tí a fọ̀ ọ́ tán, nọ́ńbà ara bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́ ojú sánmà inú fọ́tò, lókè orí ìyàwó! (Owó iṣẹ́ yẹn, mo dá a padà.)

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí: "síbi tí kò móoru, tí kò sì rin." Bí a bá ní nǹkan rin, kò sẹ́ni tó máa rò pé òtútù là ń wí.

"Ìbora" tí ẹ sọ bébà ẹ̀yìn náà ńkọ́? Ìbora, a lè ká a kúrò nígbàkigbà. Fíìmù 35 mm ní agolo tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ti 120, láti 1901 tí ilé-iṣẹ́ Kodak ti gbé e jáde, bébà yìí nìkan ló ní, ó wé mọ́ ọn bí ewé ṣe ń wé mọ́ ẹ̀kọ. Tó bá dẹ̀, etí ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. "Àwémọ́" ni mo dábàá. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, "pépà dúdú" là ń pè é, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ nìkan ló dúdú. Ọ̀rọ̀ náà wúlò fún fíìmù 220 tó dé ní 1965 pẹ̀lú: orí àti ìdí ni àwémọ́ tirẹ̀ mọ, kò dé àárín.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ kọ ọ́ pé "inú òkùnkùn" ni ká ti ki fíìmù yìí sínú kámẹ́rà. Rárá o, abẹ́ ibòji ti tó. Tí kò bá sí igi nítòsí, ká kẹ̀yìn sóòrùn.