Sáà tí Crystal Palace gba ife ìpele kejì: ẹ sọ èyí tó ṣojú yín

Láti Croydon

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹnìkan bèèrè lọ́jọ́sí bóyá ọmọ Yorùbá kankan tilẹ̀ ń lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní ìlú ọba yìí, pàápàá ìpele kejì tí tẹlifíṣọ̀n kì í fi bẹ́ẹ̀ náání. À ń lọ o. Sáà 2023 sí 2024 ni mo fẹ́ sọ tèmi lórí ẹ̀, nítorí pé títí dòní, tí mo bá rántí ẹ̀, inú mi máa ń dùn.

Ẹgbẹ́ tí mò ń wí ni Crystal Palace. Selhurst Park ni àwọn ọkùnrin wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Sutton ni ti àwọn obìnrin, ní Gander Green Lane, pápá Sutton United. Bromley ni wọ́n wà kí sáà yẹn tó dé. Tí ẹ bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní West Sutton, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni ìdíje wọn sábà máa ń bọ́ sí, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé ọmọ Yorùbá. Ọkọ mi kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ó ní ọjọ́ Olúwa kì í ṣe ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Mo ní kò burú, ìsìn àárọ̀ kùtù ni èmi àti ọmọ máa lọ, a ó sì ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ látọjọ́ Sátidé. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tí oṣù kejì ọdún fi máa wọlé, òun fúnra ẹ̀ ló ń béèrè pé ta ni wọ́n fẹ́ bá gbá lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni bí a ṣe sún mọ́ wọn tó. Ẹ ò ní fi awò wò wọ́n látòkèèrè. Ẹ̀yìn irin tó yí pápá ká ni mo máa ń dúró sí, mo sì ń gbọ́ bí aṣọ́lé ṣe ń ké mọ́ àwọn tó wà níwájú ẹ̀ pé kí wọ́n jáde síta, kí wọ́n má sùn lé òun lórí. Tí egungun bá pàdé egungun, ẹ ó gbọ́ ìró ẹ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìdíje, ọ̀kan nínú wọn rìn wá sétí irin níbi tí a wà. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ orúnkún ẹ̀, tépù funfun tó fi di ìbọ̀sẹ̀ ti ń ṣí, òógùn ṣì ń kán láti iwájú orí ẹ̀. Ó gba báírò lọ́wọ́ ọmọ mi, ó buwọ́ lu apá jẹ́sì ẹ̀, ó wá bi í pé, "Ibo lo máa ń gbá?" Ọmọ mi ní ọwọ́ ẹ̀yìn lápá òsì. Ó ní, "Ibẹ̀ le o. Má fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ láìkọ́." Ọmọ ọdún 11 ni nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, ògiri ẹ̀yìnkùlé wa kò sinmi mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti líìgì fúnra ẹ̀, ẹgbẹ́ 12 ni, ìdíje 22. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo péré ló ń gòkè nígbà yẹn. Ẹni tó bá ṣe ipò kejì, kò sí ìdíje àṣekágbá kankan tó lè gbà á là, ọdún tó ń bọ̀ ni. Mi ò rí líìgì tó ń fún ọrùn báyìí rí. Ọ̀mì kan lọ́sẹ̀ tí kò dára, ẹlòmíì ti gorí yín. Laura Kaminski ló ń kọ́ Palace, sáà ẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn pẹ̀lú wọn. Elise Hughes, ọmọ ilẹ̀ Wales, ló ń bá wọn gbá a sáwọ̀n. Góòlù 16 ló jẹ nínú líìgì, òun ló sì gba bàtà wúrà, ẹ̀bùn ẹni tó jẹ góòlù jù lọ. Ọmọ yẹn mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí kí bọ́ọ̀lù náà tó mọ̀.

Ibi tó dùn mí ni pé orúnkún ẹ̀ já kí sáà tó parí. Iṣan inú orúnkún, èyí tó máa ń gbé àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù jókòó fún oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan. Ó ti jẹ góòlù tó pọ̀ tó láti gba bàtà wúrà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ńlá dé, kò lè wọ pápá. Mo ronú nípa ẹ̀ gan-an. Ẹ bá mi wò ó, ẹni tó bá wọn kọ́ ilé dé orí òrùlé.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọdún 2024, Sunderland ló wá sí Sutton. Sunderland kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré o. Ibẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Lucy Bronze, Jill Scott, Steph Houghton àti Beth Mead ti gbá bọ́ọ̀lù kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ọ̀mì ti tó Palace láti gba ife, ọ̀mì náà ni wọ́n sì gbá, òdo sí òdo. Àwọn kan sọ pé ìdíje yẹn kò dùn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Sunderland bá sún mọ́ ojúlé wa, ọwọ́ mi á lọ sí orí. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, ariwo ta. Láti 1992 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ obìnrin Palace sílẹ̀, wọn ò tí ì dé líìgì àkọ́kọ́ rí. Mo rí ìyá àgbà òyìnbó kan tó jókòó lórí àga ẹ̀, tó ń sunkún, tó ń fi ṣáàfù pupa àti búlúù nu ojú. Mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Ó hàn pé ó ti ń bọ̀ tipẹ́.

Tèmi nìyẹn. Ẹ̀yin ará Charlton, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí. Ẹ jáde.

Láti Thamesmead

A ti jáde, mà. Ẹ kú oríire tó ti kọjá.

Ọmọ Charlton ni mí, àwa la sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn yín ní sáà yẹn. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí wọra. Crayford ni àwọn obìnrin wa ti ń gbá nígbà yẹn, ní pápá kan tí wọ́n ń pè ní The Oakwood, kò jìnnà sílé mi rárá. A wà lẹ́yìn yín títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹrin, kò mú nǹkan kan wá ju kí wọ́n kọ orúkọ wa sí ìlà kejì. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí wọ́n yí òfin padà fún sáà 2025 sí 2026. Ẹgbẹ́ méjì ló máa gòkè tààrà, ẹni kẹta á sì bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ líìgì àkọ́kọ́ gbá a, nítorí wọ́n fẹ́ kí líìgì àkọ́kọ́ di ẹgbẹ́ 14. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ibí yìí mọ̀ ni pé Charlton kì í ṣe ẹgbẹ́ àná. Ní 2005, Charlton ló gba ife FA ti àwọn obìnrin, ife àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1 sí 0, Everton ni wọ́n nà ní pápá Upton Park. Ta ló jẹ góòlù yẹn? Eniola Aluko. Èkó ni wọ́n bí i sí, Birmingham ló ti dàgbà, ọmọ ọdún 18 ni lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ wa tí orúkọ wọn jẹ́ Ẹniọlá, ojú wọn á sì tàn.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 2007, Charlton tún dé ìparí ife FA, Arsenal sì nà wọ́n 4 sí 1. Nínú oṣù karùn-ún yẹn náà ni àwọn ọkùnrin já bọ́ kúrò ní Premier League. Kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n ní owó kò sí mọ́ fún àwọn obìnrin. Àwọn ìràwọ̀ inú wọn tú ká, Aluko gba Chelsea lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn kan tún gbé ẹgbẹ́ náà dìde, ṣùgbọ́n 2018 ni wọ́n tó padà dé ìpele kejì. Àwọn ọkùnrin ló já bọ́, àwọn obìnrin ló san gbèsè ẹ̀. Tí ẹ bá rí wa tí a ń pariwo nínú òjò, ẹ mọ ohun tí a ń pariwo lé lórí.

Láti Reading

Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ sọ nípa 2007 yẹn, èmi rí irú ẹ̀ pẹ̀lú ojú mi ní 2024.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbí. Ẹgbẹ́ obìnrin Reading wà ní líìgì àkọ́kọ́ títí di 2023 tí wọ́n já bọ́ sí ìpele kejì. Sáà tí ìyá Croydon ń sọ yẹn, a jà, a ò sì já bọ́, Lewes àti Watford ni wọ́n lọ. Mo rò pé a ti yọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìròyìn jáde pé ìṣòro owó ti mú kí ẹgbẹ́ fà sẹ́yìn kúrò ní ìpele kejì pátápátá, ìpele karùn-ún ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ 11 ló ṣẹ́ kù tó bẹ̀rẹ̀ sáà tó tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi ronú sí ẹni tó ti fi gbogbo ọdún kan sá kiri pápá kí ẹgbẹ́ má bàa já bọ́, kí wọ́n wá fi lẹ́tà já a bọ́ ní ìpele mẹ́ta.

Sáà yẹn náà ni Maddy Cusack ti Sheffield United kú, ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọmọ ọdún 27. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, ó tún ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì wọn. Jẹ́sì nọ́ńbà 8 ló ń wọ̀, wọ́n sì ti gbé nọ́ńbà náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ní pápá tí mo wà, ní ìṣẹ́jú kẹjọ, gbogbo wa dìde, a pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, omi sì bọ́ lójú mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Láti Ìbàdàn

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Croydon, a sì fẹ́ kó wá síbẹ̀ láìpẹ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ìbéèrè méjì ni mo ní fún ẹ̀gbọ́n wa, mà. Àkọ́kọ́, mo gbọ́ pé Palace ò pẹ́ lókè tí wọ́n fi tún já bọ́. Ṣé òótọ́ ni, ṣé ẹ ṣì ń lọ? Èkejì, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́jọ kò fẹ́ ṣe nǹkan míì ju bọ́ọ̀lù lọ, àárín àwọn ọmọkùnrin ló máa ń wà ní òpópónà wa. Níbo ni màá gbé e lọ tí a bá dé?

Láti Croydon

Àbúrò mi, òótọ́ ni. Ìpele àkọ́kọ́ le. Tottenham nà wọ́n 4 sí 0 ní ìdíje àkọ́kọ́, Chelsea tẹ̀ lé e, góòlù 7 ló gbé wọlé. Wọ́n yí kóòṣì padà kí sáà tó parí, ipò ìkẹyìn ni wọ́n sì ṣe. Nínú ọdún kan, wọ́n ti padà sí ìpele kejì. Owó tí Chelsea àti Arsenal ń ná kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn rárá. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń lọ. Wọn ò dẹ́kun dídá wa lára yá nítorí pé wọ́n já bọ́.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má dààmú. Àjọ FA ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Wildcats, fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 5 sí 11. Kò sí ìdánwò níbẹ̀, ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí pàápàá lè bẹ̀rẹ̀, ó sì wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò. Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ wá kílọ́ọ̀bù àwọn ọmọbìnrin tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá olùkọ́ wọn ti kọ́ ìtọ́jú orúnkún. Ẹ bi wọ́n dáadáa. Eré ìdárayá kan wà tí wọ́n ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, fífò, yíyí, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, tí ń dín ewu iṣan jíjá kù fún àwọn ọmọbìnrin. Èmi kì í jẹ́ kí ọmọ mi fò ó.

Bàtà ni kí ẹ rà fún un, ẹ fi kóòtù òtútù ṣe èkejì. Tí ẹ bá ti dé, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, a ó jọ lọ sí Sutton.