Dókítà Zinsou, ààrẹ Dahomey

Ẹ̀yin àgbà, ṣé lóòótọ́ ni pé dókítà kan di ààrẹ Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, láìdíje?

— Òótọ́ ni, àbúrò. Émile Derlin Zinsou, ọmọ Ouidah. Dakar ló ti kọ́ ìṣègùn. Àwọn ológun ló gbé e sípò ní 1968, lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìdìbò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí aráàlú dìbò bóyá àwọn fẹ́ òun.

— Wọ́n sì fẹ́ ẹ! Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó orí dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá mi ń ṣòwò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà náà. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Zinsou, wọn a pòṣé.

— Ọ̀gá ológun kan, Kouandété, gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní December 1969. Ọdún 2016 ni Zinsou kú, lẹ́ni ọdún 98.

— Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.