Honeysuckle: mi ò fara mọ́ "ìtàkùn oyin"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo rí àbá yín pé kí a máa pe honeysuckle, ewéko olódòdó tí omi dídùn wà nídìí òdòdó rẹ̀, ní "ìtàkùn oyin". Ó dùn létí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fà.

Lonicera ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìran náà, wọ́n fi rántí Adam Lonicer, oníṣègùn ará Jámánì tó kú ní 1586. Lonicera periclymenum, ti inú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàkùn ni lóòótọ́, igi ló ń lọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n Lonicera maackii, tó ti Éṣíà dé Amẹ́ríkà tó sì ń fún igbó ibẹ̀ pa, fúnra rẹ̀ ló ń dá dúró, ó sì lè ga tó mítà 5. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ tó ti gbó, ẹ óò rí i pé inú rẹ̀ ṣófo. Ìtàkùn wo nìyẹn?

"Oyin" náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọmọdé tó bá gbọ́ oyin á fẹ́ tọ́ èso rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ èso ọ̀pọ̀ nínú wọn ń da inú rú. Tó bá sì jẹ́ torí omi dídùn ìdí òdòdó ni, ṣebí a fa ti Ixora, òdòdó inú ọgbà, mu lọ́mọdé, ta ló pè é ní oyin? Ixora yìí gan-an lè ṣini lọ́nà, nítorí ewé àwọn méjèèjì ń hù ní méjì-méjì, wọ́n á kọjú síra. Ẹ wo ibi tí ìdí ewé méjèèjì ti pàdé lára ẹ̀ka: Ixora ní ewé tín-ń-tín kan tó rí ṣóńṣó níbẹ̀, ti honeysuckle mọ́ lóló. Òdòdó Ixora pín sí mẹ́rin, ti honeysuckle sí márùn-ún. Nínú Lonicera japonica, mẹ́rin á lẹ̀ mọ́ra lókè, ọ̀kan á rọ̀ sísàlẹ̀ bí ahọ́n.

Àwọ̀ rẹ̀ ni kí a wò. Japonica á là ní funfun, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì á pọ́n bí ìyeyè, ẹ ó sì bá àwọ̀ méjèèjì lórí ẹ̀ka kan náà. Àwọn ará Ṣáínà ti rí i tipẹ́, "òdòdó wúrà òun fàdákà" ni wọ́n ń pè é. Èmi dábàá *fàdákàdiwúrà*. Maackii náà ń pàwọ̀ dà bẹ́ẹ̀, a ó kàn fi "onígi" kún tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí léèrè Lonicera sempervirens, ọmọ bíbí gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí òdòdó rẹ̀ pupa fòò. Kò sí fàdákà níbẹ̀. Ewé méjì tó súnmọ́ òdòdó rẹ̀ jù lọ ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ọ̀pá ìtàkùn sì la àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá rí orúkọ fún ìyẹn, kó mú un wá.