Gígun South Sister lọ́jọ́ kan: omi, bàtà àti ìwé àṣẹ

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án la fẹ́ gun òkè South Sister ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, láti ẹnu ọ̀nà tó wà ní Devils Lake, ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Portland la ó ti wa ọkọ̀ wá. Omi mélòó ni kí ẹnì kan gbé? Ṣé bàtà ìsáré tó? Ìwé àṣẹ ńkọ́, ṣé ẹnu ọ̀nà la ti ń rà á?

Ìdáhùn 1
Ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Láti 15 oṣù Kẹfà dé 15 oṣù Kẹwàá, dandan ni, kódà fún ẹni tí kò ní sùn síbẹ̀. Orí ìkànnì Recreation.gov la ti ń gbà á, kò sẹ́ni tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan. Apá kan máa ń jáde nígbà tí ọjọ́ ìrìn bá sún mọ́lé, torí náà bí ẹ bá bá a pé ó ti tán, ẹ tún padà wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí ẹ tó kúrò ní Bend, ìlú tó wà nítòsí òkè náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí tún dá dúró lọ́tọ̀ o.

Ìdáhùn 2
Àlọ àtàbọ̀ tó máìlì 12, gígùnkè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 5,000. Inú igbó ló ti kọ́kọ́ ga, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á tẹ́jú. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sáré, tí agbára á sì tán kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ gan-an ni máìlì tó kẹ́yìn, lókè adágún kékeré tó wà nídìí òkìtì yìnyín tí wọ́n ń pè ní Lewis Glacier. Èérún òkúta pupa ni gbogbo ibẹ̀: ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan á yọ̀ padà. Bàtà ìsáré tó ní eyín lábẹ́ lè ṣe é, bí ẹ bá ti fi ìbọ̀ kókósẹ̀ (gaiter) dí ẹnu rẹ̀ kí èérún má bàa wọlé. Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì á gba orúnkún là nígbà tí ẹ bá ń sọ̀.

Lítà omi 3 sí 4 lẹ́nì kan. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ débi pé òógùn ti ń gbẹ kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ń làágùn. Ẹ lè sẹ́ omi adágún náà mu, àmọ́ ìyẹ̀fun òkúta inú rẹ̀ máa ń dí asẹ́. Ẹ jẹ́ kó tòrò nínú ike ná. Bí ẹ bá pàgọ́, ẹ gbé asẹ́ sínú àpò ìsùn. Bí omi inú rẹ̀ bá dì lóru, ó lè ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ìdáhùn 3
Kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà ní aago márùn-ún ìdájí, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì orí. Bí ẹ bá dé etí kòtò ńlá tó wà lórí òkè náà, ẹ ò tíì dé ṣóńṣó o: ẹ ṣì máa yí etí rẹ̀ lọ sápá àríwá ìlà-oòrùn kí ẹ tó dé ṣóńṣó, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10,358. Portland kò ga rárá, ẹ sùn ní Bend lóru kan tàbí méjì kí ibi gíga lè mọ́ yín lára. Ẹni tí orí bá ń fọ́, tó tún ń bì, kó sọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àsìkò èéfín iná igbó sì ni oṣù Kẹsàn-án: ẹ yẹ AirNow, ìkànnì tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó, wò lálẹ́ àti láàárọ̀. Tí iye ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ (AQI) tó wà níbẹ̀ bá ti kọjá 150, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn, bí ìwé àṣẹ tiẹ̀ máa ṣòfò.