Ṣé ọ̀nà etí odò Manningtree sí Flatford ṣe é rìn fún àgbàlagbà ní oṣù Kẹta?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ mọ ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo kí yín o. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù Kẹta, mo sì fẹ́ mú wọn rin etí odò Stour, tó jẹ́ ààlà Suffolk àti Essex: kí a wọ ọkọ̀ ojú irin láti London dé Manningtree, kí a gba ẹ̀gbẹ́ àbàtà dé Flatford, níbi tí ilé ọlọ bàbá John Constable, ayàwòrán nì, ṣì wà, kí a sì la pápá tí màlúù ti ń jẹko kọjá lọ sí Dedham. Ilé ọlọ tí omi ń yí láyé àtijọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ rí gan-an, nítorí iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n fi tọ́ wa.

Orúnkún ń dùn wọ́n, odò náà sì máa ń kún bo ọ̀nà lẹ́yìn òjò ńlá. Mo ti yẹ àwòrán ilẹ̀ wò, mo ti ra bàtà òjò, mo sì ti rò ó pé kí a wọ takisí dé Flatford, ṣùgbọ́n apá àbàtà, tí àwọn ẹyẹ omi pọ̀ sí, ló wù mí jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn ín lásìkò yẹn, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ le tó fún ẹni tó ń tẹ ọ̀pá? Ẹ foríjì mí fún gígùn ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ ṣáájú.