Ilé méjì, omi kan náà: kí ni fọ́ọ̀mù mi ò rí?

Akẹ́kọ̀ọ́-Odò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ti ilé dé ilé ní abúlé kan tó wà láàárín igbó mangrove, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, létí òkun, kí n lè mọ ìdílé tí ìjì àti omíyalé lè ṣe ní jàǹbá jù. Ilé méjì kan wà tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Máàkì kan náà ni fọ́ọ̀mù mi fún wọn: ògiri pákó, òrùlé páànù, apẹja ni wọ́n. Òru kan náà ni omi wọlé tọ̀ wọ́n. Kí oṣù tó parí, ìdílé àkọ́kọ́ ti padà sódò lọ pẹja. Èkejì ta ọkọ̀ ojú omi wọn, wọ́n sì yọ ọmọbìnrin wọn níléèwé. Ó dùn mí gan-an. Kí ni mo fojú fò?

Ọmọ-Etí-Òkun:
Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń mu lẹ́yìn tí omi bá fà. Iyọ̀ tó bá ti wọ kànga kì í bá omi lọ. Nígbà tí ìjì Aila jà ní Bangladesh àti Íńdíà ní 2009, ó ju ọdún kan lọ tí omi iyọ̀ fi wà lórí ilẹ̀ oko láwọn ibì kan. Nílé wa, ìyá mi ló ń lọ pọn omi lọ́nà jíjìn. Kó tó dé, àkókò àtimú akàn ti kọjá, owó ọjọ́ náà sì ti lọ nìyẹn. Ẹ bèèrè gbèsè náà. Bóyá ẹni tó yá wọn lówó àwọ̀n ló gba ọkọ̀ yẹn.

Alákọsílẹ̀:
Ibi tí ilé wà nìkan ni fọ́ọ̀mù yín ń wò. Ó ti pẹ́ tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣàyẹ̀wò ìyípadà ojú ọjọ́, ti ń ya wíwà lójú ọ̀nà ewu sọ́tọ̀ kúrò lára àìlè-fara-dà-á. Gbòǹgbò mangrove ń dín agbára ìgbì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo Bangladesh: ìjì 1970 pa ó kéré tán 300,000 èèyàn, ìjì Sidr ti 2007 pa nǹkan bí 3,400. Ìkìlọ̀ tó tètè dé àti ilé ààbò wà nínú ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, ta ló ń gbọ́ ìkìlọ̀ nínú ilé méjèèjì? Ta ni yóò gbé arúgbó?

Akẹ́kọ̀ọ́-Odò:
Mo padà lọ lánàá. Ìdílé àkọ́kọ́ ní táǹkì omi òjò, ọmọ wọn sì ń fowó ránṣẹ́ láti ìlú. Èkejì ti jẹ gbèsè àwọ̀n kí omi tó dé. Mo ti tún fọ́ọ̀mù náà kọ. Ìbéèrè omi mímu ló ṣáájú.