Ṣé ìtìjú ni kí ọmọ dé béèsì láì gbá bọ́ọ̀lù?

IyaOlokoko_Akure:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, kòkó ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá rẹ̀ fi fídíò pè mí kí n lè wò ó. Ọmọ náà di igi mú, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bọ́ọ̀lù kọjá, kò tiẹ̀ mi igi yẹn. Ni wọ́n bá ní kó máa rìn lọ sí béèsì kìn-ín-ní, ibùdó àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí wọ́n ń yí ká kí wọ́n tó padà sílé, níbi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù, láti gba ayò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí eré parí, ó gba fóònù, ó ń sunkún: "Màmá, mi ò gbá nǹkan kan." Ó dùn mí dé ọkàn. Kí ni kí n sọ fún un? Ta ló tiẹ̀ rí irú ẹ̀ gbà jù nínú àwọn àgbà òṣèré wọn?

Tisa_Ijapo:
Ẹ kú àmójútó ọmọ, Màmá. Wọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gba orí àwo tó wà nílẹ̀ níwájú ọmọ kọjá, láàárín orúnkún àti àyà rẹ̀. Tí mẹ́rin bá yà kúrò níbẹ̀ tí kò sì sáré lù wọ́n, béèsì di tirẹ̀. Barry Bonds ti ẹgbẹ́ San Francisco Giants ló gbà á jù láàárín ọdún kan: 232 ní ọdún 2004. Babe Ruth ló ti wà níwájú látọdún 1923 pẹ̀lú 170, kí Bonds tó gba 177 lọ́dún 2001.

OmoEkimogun:
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ má bínú. Nínú 232 yẹn, 120 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún Bonds torí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ní May 28, 1998, èèyàn wà ní béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Arizona ní kó máa rìn lọ, ẹni tó wà ní béèsì kẹta sì rìn wọlé, wọ́n fi ayò kan tọrẹ! Ọ̀rọ̀ ọmọ Màmá kọ́ nìyẹn. Ti Ted Williams ni kí ẹ sọ fún un, ẹni tó gba 162 lọ́dún 1947, tó tún gba iye kan náà lọ́dún 1949. Tàbí Juan Soto, ọmọ ilẹ̀ Dominican: 145 lọ́dún 2021, ọmọ ọdún 22 péré. Ojú ni wọ́n fi ń ṣe é.

Tisa_Ijapo:
Òótọ́ ni, àbúrò. Mo gbà.

IyaOlokoko_Akure:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. "Ojú" tí ẹ sọ yẹn ló là mí lójú. Tí àgbẹ̀ bá gbé àpò kòkó dé, mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, n ó fi ọ̀bẹ la kóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá rí funfun nínú rẹ̀, àpò yẹn ń padà nìyẹn, kódà kí àgbẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní mi ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un nìyẹn tó bá tilé ìwé dé. Mo sì ti bi ìyá rẹ̀: nínú ẹ̀ẹ̀mẹta tó rìn lọ sí béèsì, ẹ̀ẹ̀mejì ló yí dé ilé. Ayò kan péré ni ẹgbẹ́ wọn fi borí.